Arlys Bisek àti Ìbéèrè Ọgọ́ta

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Arlys Bisek fi tẹ ìbéèrè ìdánwò fún àwa dókítà ẹ̀ka saikọ́lọ́jì, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó bi í léèrè rí bóyá òun náà mọ ìdáhùn.

Obìnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, tí irun rẹ̀ ti funfun kí n tó dé ibẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni, ìyàwó àgbẹ̀ sì ni. Òun àti Duane ọkọ rẹ̀ ló ń sin màlúù oníwàrà lẹ́yìn ìlú Elk Prairie, ní Minnesota níhìn-ín, títí di ọdún tí wọ́n ta màlúù tó kẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n tà á ni Arlys wọ bàtà yìnyín wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, ó ní òun mọ ìwé tẹ̀. Wọ́n fi í jókòó síwájú ọ́fíìsì olórí ẹ̀ka, láàárín ẹ̀rọ kọfí àti ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà ìwé. Ibẹ̀ náà ni mo bá a nígbà tí mo dé láti wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ìyẹn bí a ṣe ń fi nọ́ńbà wá ohun tó wà nínú ọmọ aráyé.

Orúkọ lásán ni gbogbo ènìyàn fi ń pe ara wọn ní ìlú yìí. Ọmọ ogún ọdún á na ọwọ́ sí ẹni àádọ́rin ọdún, á pè é ní Bob. Mi ò lè ṣe é. Mìsíìsì Bisek ni mo ń pè é. Òun náà sì ń pè mí ní Dókítà, ṣùgbọ́n bó ṣe ń pè é, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá sọ ajá kékeré ní Kìnnìún.

Nǹkan kan wà tó máa ń ṣe tí àwọn akọ̀wé tó kù kì í ṣe: ó máa ń ka ohun tó bá ń tẹ̀. Ó tún máa ń ka ju ìyẹn lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé jáde a máa fi ìwé ọ̀fẹ́ ránṣẹ́ sí àwa olùkọ́, bóyá a óò fi kọ́ àwọn ọmọ. Àwa kì í ṣí i. A ó kó o sílẹ̀ lẹ́bàá tábìlì Arlys pé kó bá wa dà á nù. Kì í dà á nù. Tó bá di ọ̀sán, bó ṣe ń jẹ búrẹ́dì ẹlẹ́yin rẹ̀, ìwé náà á wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀, ìka rẹ̀ á sì máa tọ ìlà lọ. Gbogbo wa là ń rí i. A rò pé ó ń fi pa àkókò ni.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kejì mi ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fún kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ìwé àṣẹ. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá bẹ̀ wá wò ní oṣù kẹrin. Wọ́n ní kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fi ẹ̀rí hàn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tí ẹ̀ka náà sọ pé òun kọ́ wọn. Ẹ̀rí ni wọ́n kọ o, wọn ò kọ àlàyé.

Olórí ẹ̀ka wa, Thayer Lindquist, pe ìpàdé. Ọkùnrin yìí ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣe ìwádìí bí eku ṣe ń rántí ọ̀nà, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í rántí ibi tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí. Ọjọ́ ìpàdé yẹn, eyín ń dùn mí, mo wà lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín. Lọ́jọ́ kejì ni Arlys ròyìn rẹ̀ fún mi.

"Wákàtí kan àbọ̀ ni wọ́n fi jà lórí ọ̀rọ̀ ẹyọ kan," ó ní. "Ṣé kí wọ́n kọ ọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ̀ ni, àbí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi hàn pé òun mọ̀."

"Èwo ló wá borí?"

"Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè fi hàn pé òun mọ̀. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n fi 'tó bá wù ú' kún un."

"Ta wá ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún?"

Ó gbé kọfí rẹ̀, ó mu ún díẹ̀. "Eyín yín ńkọ́, Dókítà?"

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé èmi ni.

Mo ní kó fún mi ní ìròyìn àwọn ọdún tó ti kọjá kí n lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó fa àpótí ìwé yọ, ó kó mẹ́sàn-án jáde. Mo ka èyí àkọ́kọ́: ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ wa ló dé ojú ìwọ̀n. Mo ka èkejì: ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí mo dé orí ìkarùn-ún, mo gbójú sókè.

"Báwo ni Lindquist ṣe rí ọgọ́rin yìí?"

"Ó bi mí pé kí ni nọ́ńbà tó dára. Mo ní àádọ́rùn-ún ti pọ̀ jù, wọ́n á fura." Ó ń to ìwé rẹ̀ lọ ní tirẹ̀. "Ọdún nìkan ni mo máa ń yí padà. Ọdún kan tiẹ̀ wà tí mo gbàgbé, tí mi ò yí i. Kò sẹ́ni tó mọ̀."

Ọmọdé ń ṣe mí nínú iṣẹ́ nígbà náà, mo sì ní ìgbéraga ẹni tó gbọ́ ìṣirò. Mo ní tèmi kò ní rí bẹ́ẹ̀. Mo lọ bá olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, àwa mẹ́fà, mo ní kí kálukú kọ ìbéèrè mẹ́wàá wá, ohun tí kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan gba oyè lọ láìmọ̀. Ìbéèrè ọgọ́ta. Àwọn ọmọ ọdún àkọ́kọ́ yóò ṣe é, àwọn tó ń jáde lọ yóò ṣe é, a ó wo ohun tí ọdún mẹ́ta fi kún wọn. Ìwọ̀n tí a fi lélẹ̀ ni pé kí àwọn tó ń jáde gba méjìlélógójì, ó kéré tán.

Arlys ló tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó parí, mi ò mọ iye ìṣẹ́jú tó yẹ kí n fún àwọn ọmọ. Mo ní, "Mìsíìsì Bisek, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó ṣe é, ká fi mọ bó ṣe ń gba àkókò tó."

"Ṣé kí n kàn máa yàn án bó ṣe wù mí ni, àbí kí n dáhùn?"

"Ẹ dáhùn ohun tí ẹ bá mọ̀," mo ní, bí ẹni tó ń ṣàánú.

Ìṣẹ́jú méjìdínlógójì ló lò. Ó dá a padà fún mi, ó lọ fi omi sí ẹ̀rọ kọfí. Mo kọ ìṣẹ́jú náà sílẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ìwé yẹn nù. Nǹkan kan ló ní kí n máàkì í. Ó gba mẹ́rìnléláàádọ́ta.

Mo tún un kà. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀kejì. Mo wá ìbéèrè tó le jù níbẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ wa kì í gbà lọ́dọọdún: kí ló yàtọ̀ láàárín ìjìyà àti mímú ohun tó ń nini lára kúrò kí ènìyàn lè tún ìwà kan hù? Ó gbà á. Mo gbé ìwé náà jáde lọ bá a.

"Báwo lẹ ṣe mọ eléyìí?"

"Màlúù," ó ní. "Tó bá fi imú kan wáyà iná, iná á gbé e, kò ní dé ibẹ̀ mọ́. Ìjìyà nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ọmú rẹ̀ bá kún títí tó ń dùn ún, òun fúnra rẹ̀ ló máa wá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn pé kí ẹ wá fún wàrà òun, nítorí ó mọ̀ pé ara á tu òun. Ìkejì nìyẹn. Dókítà Lindquist ti ń kọ́ wọn láti ìgbà tí mo ti dé, eku ló fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Ta ló mọ ohun tó ń dun eku?"

Mo ní ó dára. Mo fẹ́ padà sínú ọ́fíìsì mi.

"Ìkẹtàdínlógún," ó ní. "Ẹ ní mo gbà á tì. Mi ò gbà á tì o."

Ìbéèrè èmi fúnra mi ni ìkẹtàdínlógún. Ó fa bébà kan yọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. "Ọkùnrin mẹ́wàá lọ pẹja lórí yìnyín. Mẹ́sàn-án rí ẹja méjì méjì. Duane rí ogójì, torí pé òpùrọ́ ni. Tí ẹ bá pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba, ó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́fà mẹ́fà. Tí ẹ bá tò wọ́n sórí ìlà, ẹni tó wà láàárín, méjì ló rí. Èwo ni ogójì Duane fà sókè?"

"Èyí tí a pín dọ́gba."

"Ohun tí mo kọ nìyẹn. Òdìkejì ló wà nínú ìdáhùn tí ẹ kọ fún mi."

Òdìkejì ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ṣèṣì kọ ọ́ ni, mo sì ti ń fi máàkì àwọn ọmọ láti ọdún tó kọjá. Mo sọ ọ́ di márùndínlọ́gọ́ta fún un. Lẹ́yìn náà ni mo ti ilẹ̀kùn, mo yọ mẹ́wàá tèmi kúrò, mo jókòó ṣe àádọ́ta tó kù. Mẹ́tàdínlógójì ni mo gbà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo gbàgbé ìwé náà sórí ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà, Arlys ló sì bá mi mú un wá, ó yí i dojú dé. "Ẹ gbìyànjú, Dókítà," ó ní.

Àwọn ọmọ ṣe é ní oṣù kọkànlá. A ra písà kí wọ́n lè wá. Wọ́n wá nítorí písà, wọ́n sì ṣe é bí ẹni tó wá nítorí písà. Ọmọ kan ya ẹja sójú ibi tó yẹ kó kọ ìdáhùn sí, ẹja náà sì dára. Mo kó nọ́ńbà jọ. Àwọn ọmọ ọdún àkọ́kọ́, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oṣù mẹ́ta, gba mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Àwọn tó ń jáde lọ gba mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọdún mẹ́ta, ìbéèrè méjì.

Mo kó o lọ bá Lindquist, máàkì Arlys wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Arlys wo nìyí?"

"Arlys tiwa."

"Ta ló ní kó o fún un?"

"Mo fẹ́ mọ iye ìṣẹ́jú ni."

"O ti mọ̀ ọ́n báyìí," ó ní. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ẹ̀rù ló bà á, mo sì rí i pé ìbéèrè mẹ́wàá tirẹ̀ ló ń wá kiri nínú ìwé náà, ó fẹ́ mọ iye àwọn tó gbà á. Ó gbé mi lọ sọ́dọ̀ díìnì.

Corinne Haas ni díìnì wa, obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè, tó máa ń bu omi tútù fún ènìyàn kó tó na ẹgba. Ó ní iṣẹ́ mi dára púpọ̀. Ó ní ó wú òun lórí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣùgbọ́n ṣé ojú ìwọ̀n yẹn ni kò ga jù? Méjìlélógójì. Ta ló sọ pé kó jẹ́ méjìlélógójì?"

"Àwa olùkọ́ ni."

"Ẹ lè sọ òmíràn nìyẹn. Bí ẹ bá ní kí ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ kópa nínú ìdánwò náà ńkọ́? Àwọn mélòó ló wá?"

"Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún."

"Ẹ wò ó," ó ní. "Ẹ ti kọjá ìwọ̀n."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó bi mí bóyá ọdún yìí ni wọ́n máa gbé ìwé àdéhùn iṣẹ́ mi yẹ̀ wò. Ó mọ̀ pé ọdún yìí ni. Mo mọ̀ pé ó mọ̀. Mo lọ sí ọ́fíìsì mi, mo kọ ìròyìn ojú ìwé mẹ́rìnlá. Mo kọ ọ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kópa ju bí a ti retí lọ. Mo kọ ọ́ pé ìdàgbàsókè hàn láàárín ọdún àkọ́kọ́ àti ọdún ìkẹyìn. Ìbéèrè méjì ni mo ń pè ní ìdàgbàsókè. Mo yọ orúkọ Arlys kúrò pátápátá, mo sì gbé ìwé náà lọ fún Arlys pé kó bá mi tẹ̀ ẹ́.

Ó tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó tún ọ̀rọ̀ méjì tí mo ṣì kọ ṣe, ó dè é, ó gbé e sórí tábìlì mi.

Oṣù kẹrin pé, àwọn olùbẹ̀wò dé, ènìyàn mẹ́ta. Àgbà kan wà nínú wọn, Dókítà Ochs, tó wá sí ẹ̀ka wa ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú àkókò, nígbà tí Lindquist ṣì ń wá ibi tó gbé ọkọ̀ sí kó lè mú àpò rẹ̀ níbẹ̀. Arlys fi kọfí àti àkàrà òyìnbó ọlọ́sàn wẹ́wẹ́ ṣe é lálejò. Èmi wà nínú yàrá mi, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, mo ń gbọ́ wọn.

"Ó ti pẹ́ tí o ti wà níbí?" ni àgbà náà bi í.

"Wọ́n sọ pé ó ti pẹ́."

"Sọ òótọ́ fún mi, ṣé àwọn ọmọ yìí ń kọ́ nǹkan?" Ó ń ṣàwàdà ni. Ohun tí ènìyàn máa ń bi akọ̀wé nígbà tí kò sí ohun míì láti sọ ni.

"A ṣe ìdánwò," Arlys ní. "Ọgọ́ta ìbéèrè. Àwọn tó ń jáde gba mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

Mo dìde. Mo tún jókòó.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Èmi náà ṣe é. Mo gba márùndínlọ́gọ́ta. Mẹ́rìnléláàádọ́ta ni tẹ́lẹ̀, dókítà tó wà nínú yàrá yẹn ló ṣe àtúnṣe." Ó tọ́ka sí mi. "Ẹ gba àkàrà míì."

Àárẹ̀ mú Lindquist ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Díìnì kò bá mi sọ̀rọ̀ títí oṣù kẹfà. Nígbà tí mo bi Arlys ohun tó ṣe é tó fi sọ ọ́, ó ní, "Ó bi mí ni. Mo wo ìwé iṣẹ́ tí wọ́n kọ fún mi: kọfí wà níbẹ̀, irọ́ ò sí níbẹ̀."

Ìròyìn àwọn olùbẹ̀wò dé ní oṣù kẹfà. A ti múra sílẹ̀ de ìtìjú. Díìnì ka ìlà kan nínú rẹ̀ fún gbogbo wa nípàdé: wọ́n yin ẹ̀ka saikọ́lọ́jì lákànṣe, wọ́n ní ẹ̀ka náà ti sọ àyẹ̀wò ẹ̀kọ́ di àṣà débi pé àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì pàápàá ń kópa nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn ẹ̀ka yòókù fi wá ṣe àwòkọ́ṣe. Gbogbo àwọn tó wà níjòókòó pàtẹ́wọ́. Lindquist dìde, ó tẹrí ba díẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, àṣẹ ti jáde: gbogbo akọ̀wé kọ́lẹ́ẹ̀jì ni yóò máa ṣe ìdánwò ẹ̀ka tirẹ̀ lọ́dọọdún, kó lè wà nínú ìròyìn.

Àwọn akọ̀wé kò jókòó ti Arlys nílé oúnjẹ mọ́. Èyí tó wà ní ẹ̀ka kẹ́místrì sọ ọ́ sí i lójú, ó di abọ́ rẹ̀ mú: "Ìwọ lo fẹ́ mọ̀wé, Arlys. Èmi ni wọ́n wá ń bi ní ìwọ̀n ásíìdì."

Ìgbà náà ló lọ bá díìnì. Kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Díìnì ló pè mí wọlé torí pé èmi ni olórí àyẹ̀wò. Arlys jókòó, ó wọ kóòtù tó máa ń wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Mo gbọ́ pé tí ènìyàn bá fi ìdánwò hàn pé òun ti mọ ẹ̀kọ́ kan, kọ́lẹ́ẹ̀jì lè kà á fún un láti fi gba oyè," ó ní. "Mo fẹ́ kí ẹ ka tèmi fún mi."

Díìnì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Arlys, gbogbo wa la mọyì rẹ. Ṣùgbọ́n ìdánwò yẹn kì í wọn ènìyàn. Ètò ẹ̀kọ́ ló ń wọ̀n."

"Ó yé mi. Ta ló wá di pẹ́ńsù mú?"

Díìnì wò mí. Òun àti Arlys jọ ń wò mí. Mo ní lóòótọ́, nípa ìlànà, ètò ẹ̀kọ́ ni ìdánwò náà ń wọ̀n. Ohùn ara mi ni mo gbọ́, kò sì dùn.

"Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀," díìnì ní. "Ọ̀fẹ́ ni kíláàsì kan fún òṣìṣẹ́ wa ní sáà kọ̀ọ̀kan. Kí ló dé tí o ò lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Thayer?"

Ó lọ. Lindquist họ orí. Ó ní kò ṣeé ṣe, torí Arlys ló ń tẹ ìdánwò kíláàsì náà. Báwo ni yóò ṣe ṣe ìdánwò tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀?

"Ẹ̀yin náà lè máa tẹ̀ ẹ́," Arlys ní.

Lindquist rẹ́rìn-ín gan-an. Ó rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Oṣù kẹjọ ni Arlys kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. A ṣe ìdágbére fún un, a ra kéèkì ńlá kan. Wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ sára rẹ̀: S méjì ló wà níparí rẹ̀. Kò sí ẹni tó rí i nínú àwa dókítà mẹ́fà, àfi ìgbà tí Arlys gbé ọ̀bẹ, tó gé ibi tí S méjèèjì wà, tó ní òun ni yóò jẹ ìyẹn. Lindquist sọ̀rọ̀, ó ní ọdún mẹ́rìnlélógún ni Arlys fi bá wa ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó tún un ṣe.

Mo lọ kí i nílé ní oṣù kejìlá. Ẹ̀rí-ọkàn ló gbé mi lọ; mo sì gbé ìwé ìdánwò kan dání tí mo fúnra mi tẹ̀, torí mo fẹ́ kó bá mi wò ó. Inú ilé ìdáná ni mo bá a. Ìwé bo tábìlì. Ó ti forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì ìjọba, ogójì ìṣẹ́jú nínú ọkọ̀ sí ibẹ̀ tí yìnyín ò bá pọ̀, ọjọ́ Túsìdè àti Tọ́sìdè. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ní ọdún àkọ́kọ́.

"Báwo ni kíláàsì?"

"B ni olùkọ́ fún mi. Saikọ́lọ́jì ìpìlẹ̀." Ó ń gbé àwo ẹran lílọ̀ àti ànàmọ́ jáde nínú ààrò. "Ọmọ náà ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó ní mo máa ń jiyàn. Mo ní, 'Ohun tí o kọ sára pátákó yẹn kọ́ ló wà nínú ìwé.' Ó ní kí n jẹ́ kí àwọn yòókù náà sọ̀rọ̀. Àwọn yòókù ń wo fóònù."

Mo jẹ díẹ̀. Mo ní, "Mìsíìsì Bisek, nípa ìròyìn yẹn. Ó yẹ kí n fi orúkọ yín síbẹ̀."

"Ó yẹ."

"Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé…"

"Ẹ̀rù bà yín. Mo mọ̀ nígbà tí mo ń tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ibi tí ẹ bá ti ń bẹ̀rù lẹ ti ń kọ ọ̀rọ̀ gígùn." Ó bù sí i fún mi. "Wọ́n tún ìwé àdéhùn yín ṣe?"

"Ọdún mẹ́ta."

"Ẹ kú oríire nígbà náà," ó ní. Kò fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, ìyẹn sì dùn mí ju yẹ̀yẹ́ lọ.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, Duane wọlé pẹ̀lú òtútù, yìnyín kún irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ gbá ojú ọ̀nà, ọkọ̀ ta ló wà níbẹ̀. Mo jáde lọ gbé e kúrò. Nígbà tí mo padà wọlé, Arlys ti gba ìwé ìdánwò mi, ó ti ń kà á lọ, pẹ́ńsù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rọra fa àga, mo jókòó, mo ń retí kó parí ojú ewé àkọ́kọ́.